Alùpùpù Sakinatou àti Odó Iyán Mi

Bí ẹ bá ń gba Tchaourou kọjá lọ sí Tchatchou, ẹ ó rí mi lápá ọ̀tún títì, níwájú ilé iṣẹ́ ONG kan, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Èmi ni Àìná oníyán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gún iyán tà níbẹ̀, ohun gbogbo tó bá sì ń lọ nínú ọgbà yẹn, ìṣojú mi ló ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń ṣe ojúmìító. Wọn ò mọ ògiri síwájú ọgbà wọn ni, èmi náà ò sì lè máa dijú gún iyán.

Ọ̀rọ̀ Sakinatou ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn aráàlú ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Wọ́n ní fọ́másọ̀n, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún wọn níbi iṣẹ́, ló sọ ọmọ yẹn di aláfojúdi. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Sakinatou kò ní àfojúdi kankan lára, àìní in yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sakinatou kúrú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó lè kúrò nílẹ̀. Ọmọ Goro ni, bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu. Nígbà tó wà ní kékeré, tí koríko oko bá ti ga, ìyá rẹ̀ á wé gèlè pupa mọ́ ọn lórí kí wọ́n má baà wá a tì. Ó kàwé títí ó fi dé yunifásítì ní Parakou, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó kó ọgbọ́n púpọ̀ bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n kò mú gíga kankan bọ̀. Ohùn ni Ọlọ́run fi dí i fún un. Bí ó bá kí èèyàn láti ìdí igi kajú tó jìnnà, onítọ̀hún á kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà kó tó wo ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sí àwọn abúlé tó yí Alafiarou ká, kó máa kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè sá ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí kó má baà bu, àti bí wọ́n ṣe lè pa pọ̀ tà á. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bó bá ń jẹun lọ́dọ̀ mi, orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó bímọ, ẹni tí òrí rẹ̀ funfun jù, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti gbà kó máa wá sípàdé. Iyán á tutù síwájú rẹ̀. Inú máa ń bí mi, nítorí n kò gún iyán kó lè tutù.

Ọ̀gá wọn ni Tonton Salifou. Èèyàn dáadáa ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó sì fi ń yangàn jù lọ láyé ni pé òun kì í ṣojúsàájú. "Chez nous, gbogbo wa la dọ́gba," ló máa ń wí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ rán ẹ̀wù fún àwọn òṣìṣẹ́, ìwọ̀n kan náà ló ní kí aránṣọ rán fún gbogbo wọn, ìwọ̀n ara tirẹ̀. Ẹ̀wù náà kọjá orúnkún Sakinatou, ó ń wọ̀ ọ́ bíi kaba. Bassirou awakọ̀ wọn ńkọ́, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé? Tirẹ̀ dúró lókè ìdodo, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Tonton Salifou ra alùpùpù fún àwọn tó ń lọ sí abúlé. Ńláńlá ni, gíga fíofío, irú kan náà fún gbogbo wọn. Ó gbàdúrà sí i, ó fà á lé wọn lọ́wọ́. Nafiou, ọ̀kan nínú wọn, gun tirẹ̀, ó lọ. Bassirou gbé Sakinatou sórí tirẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ sórí àga, a sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń fì nínú afẹ́fẹ́.

Bó bá ti ń sáré, kò sí wàhálà. Sakinatou mọ̀ ọ́n gùn ju Nafiou lọ. Ìdúró ni ìṣòro. Bí alùpùpù náà bá dúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí ohun tẹ̀, àtòun àtalùpùpù á rọra dẹ̀gbẹ́ papọ̀. Ó gbìyànjú láti máa di igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà mú. Lọ́jọ́ kan, ó dì mọ́ igi náà, kò lè sọ̀ kalẹ̀, kò lè lọ, ó wà bẹ́ẹ̀ títí Bassirou fi ti ibi tó ti lọ fọ ọkọ̀ dé.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Bí àgbà bá fún ọ ní nǹkan lónìí, o gbọ́dọ̀ jí lọ kí i lọ́la pé o dúpẹ́ àná. Sakinatou ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tonton, ẹ ṣé àná." Ẹni tó ti dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu wo ló tún kù tó máa fi sọ pé ohun tí wọ́n fún òun kò bá òun mu?

Mo sọ fún un pé, "Lọ bá bàbá yẹn, kó o la ọ̀rọ̀ yé e."

Ó ní, "Tata Àìná, mo ti dúpẹ́."

"Lọ dá ọpẹ́ padà."

"Tata," ló wí, ó ń wò mí bíi pé mo ní kó lọ jí ewúrẹ́.

Bí odó mi ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Láràárọ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mò ń dojú odó délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Sakinatou á wá dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́, á fi ẹsẹ̀ kan lé ìdí odó, á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iyì. Bó bá tún ń lọ, orí odó ló ń gùn kó tó gun alùpùpù. Ìròyìn dé Alafiarou, Tata Roukaya tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin níbẹ̀ sì pàṣẹ pé lọ́jọ́ tí Sakinatou bá ń bọ̀, kí wọ́n dojú odó kọ̀ọ̀kan dé sẹ́bàá ọ̀nà ní gbogbo abúlé.

Ṣùgbọ́n obìnrin kì í ṣe oníranù, odó sì níṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń gún nǹkan lọ́wọ́, Sakinatou kò ní ibi ìdúró. Kí ló wá ń ṣe? Ó ń yí àwọn obìnrin náà ká ni. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, òun á máa gun alùpùpù yí wọn ká, gbólóhùn kan ní ìyípo kan. Bó bá kọjá, á wí pé, "Ẹ má sá ẹ̀mí yín sórí ilẹ̀ lásán." Wọ́n á dúró de ìyókù. Bó bá tún yọ, "Ẹ wá ẹní, ẹ tẹ́ ẹ." Ẹnì kan ní abúlé kan kò gbọ́ ju ìyípo kejì lọ, ó lọ tẹ́ ẹní, ó sùn sórí rẹ̀, ó ní òun rò pé ìsinmi ni wọ́n wá fi kọ́ àwọn.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Tonton Salifou fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí àwọn odó tí wọ́n dojú dé lójú ọ̀nà, abúlé dé abúlé. Inú rẹ̀ dùn. Ó padà wá sí ìpàdé, ó gbóríyìn fún àwọn obìnrin Alafiarou pé wọ́n mọ ìmọ́tótó, wọn kì í jẹ́ kí eruku wọ odó wọn. Gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Sakinatou náà pàtẹ́wọ́. Èmi tó ń gbọ́ ọ láti ìdí ààrò mi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní báyìí, àwọn tó ń fi owó ran ONG náà lọ́wọ́ láti òkè òkun ní owó ti dín kù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ nínú àwọn tó ń lọ sí abúlé. Tonton Salifou kò fẹ́ ṣojúsàájú. Ó ní ẹni tí àwọn abúlé tó bẹ̀ wò bá kéré jù lọ ni yóò lọ, òfin kan náà fún gbogbo wọn. Ta ni tirẹ̀ máa kéré jù bí kò bá ṣe ẹni tó ń wá odó kiri kó tó lè sọ̀ kalẹ̀? Sakinatou wá jókòó lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, kò bèèrè iyán, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹ̀wù tó dà bíi kaba yẹn. Ó ní iṣẹ́ mìíràn lè wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bójú tó àwọn obìnrin òun. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, mo bu iyán fún un lọ́fẹ̀ẹ́, èmi tí kì í fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn olówó òkè òkun kan náà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fọ́másọ̀n fún gbogbo òṣìṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lọ. Lórí aṣáájú àti ẹ̀tọ́ ni, équité ni wọ́n ń pè é. Kí n má purọ́, mi ò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Gbogbo fọ́másọ̀n tí mo ti rí, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á ya fọ́tò. Ti jíjẹ ló kàn mí. Tonton Salifou ní kí n gún iyán fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí ẹni tí ebi ń pa kò lè gba ẹ̀kọ́ sórí.

Bó ṣe di pé odó mi wà ní ìdúró nìyẹn, tí iṣu gbígbóná kún inú rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù láti ọ̀nà Goro.

Sakinatou ń bọ̀ wá síbi odó bó ti máa ń ṣe. Ó rí odó ní ìdúró, ó rí èmi pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ojú wa pàdé. Mo mi orí pé kò sí àyè. Ó kọjá.

Ó wọ inú ọgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àtíbàbà tí wọ́n jókòó sí ká. Madame Latifath, obìnrin tó wá láti Parakou láti kọ́ wọn, ti dìde láti bẹ̀rẹ̀. Sakinatou kò lè kọjá lára àgbà láìkí i. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kíní, ó tẹríba lórí alùpùpù, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, tonton." Ó yí ká, ó tún yọ, ó ní, "Madame, ẹ kú ọ̀nà." Ó tún yọ, ó ní, "Ẹ má bínú, mo pẹ́ díẹ̀."

"Sakinatou, dúró," ni Tonton Salifou wí.

"Mò ń bọ̀, tonton." Ó tún lọ.

Nafiou ń wo ilẹ̀. Bassirou ń wo òkè. Èmi ń gún iyán mi, torí iyán tí èèyàn bá fi sílẹ̀ lágbedeméjì á di kókó. Madame Latifath nìkan ló ń wo Sakinatou, ó ń yí ọrùn tẹ̀ lé e.

"Mo ní kó o dúró."

Ẹ wo bí mo ṣe ní kò ní àfojúdi. Àgbà ní kó dúró, ó dúró. Alùpùpù náà rọra dẹ̀gbẹ́, òun náà bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì tó kanlẹ̀ ó ti sọ pé, "Ẹ ṣé, tonton." Kò fara pa. Ọwọ́ ìjánu alùpùpù ló kán.

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀, ó jókòó. Madame Latifath bi í pé kí ló gbé e ṣubú. Ó ní yanrìn ni. Nafiou ní bẹ́ẹ̀ ni, yanrìn ibí burú. Bassirou ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ nípa yanrìn yìí. Madame Latifath wo yanrìn, ó wo alùpùpù.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí équité jẹ́. Ó ní kì í ṣe kí gbogbo èèyàn gba nǹkan kan náà. Ó ní kí olúkúlùkù gba ohun tó máa jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Tonton Salifou mi orí gan-an, ó ní, "Voilà. Ohun tí à ń ṣe níbí gẹ́lẹ́ nìyẹn." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, tonton.

Níbí, bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ ọ́, ó tán, ká fara mọ́ ọn ló kù. Madame Latifath ní lọ́jọ́ náà, òun fẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó bi wọ́n pé, "Kí ni wọ́n fún yín níbí tí ẹ kò rí lò?" Ó sì jókòó.

Ẹyẹ kan ké lórí igi máńgòrò, gbogbo wọn yíjú sí i, bóyá òun ló máa bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, Nafiou dìde. Ó ní, "Bon, èmi fara mọ́ ohun tí tonton máa sọ."

Bassirou ní, "Èmi náà fara mọ́ ohun tí Nafiou sọ nípa ohun tí tonton máa sọ."

Tonton Salifou wúkọ́. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, tonton." Ara ń ta á, kò tíì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi jọ̀gá. Ó mu omi, ó tún omi mu. Obìnrin Parakou yẹn kò kánjú rárá, ó ń fi páálí kan fẹ́ ara rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn.

Atẹ́gùn ló bá wa ṣe é. Ó fẹ́ wọ abẹ́ àtíbàbà, ó fẹ́ lu ikùn Bassirou. Bassirou dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní, "Madame, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀wù yìí. Òtútù ń mú mi láti ọdún tó kọjá." Ó jókòó kíá, ó ń wo ojú Tonton. Tonton ya ẹnu, Madame Latifath gbé ìka kan sókè, Tonton sì tún un pa dé.

Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Sakinatou. Mo dá ọmọ odó dúró. Kókó tó bá fẹ́ wà nínú iyán náà, kó wà.

Ó kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Madame, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tonton fún iṣẹ́, fún ẹ̀wù, fún alùpùpù, fún àdúrà tí wọ́n gbà sí alùpùpù. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí, bó ti ń ṣe. Ohùn ńlá yẹn wá rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́.

"Tonton, ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀."

Tonton Salifou ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i. Madame Latifath ní, "Ó ku tata oníyán." Èmi. Wọ́n bi èmi náà léèrè ní fọ́másọ̀n. Mo nu ọwọ́ mi, mo ní, "Orí odó mi ló ti ń gùn ún. Odó ni gbogbo abúlé ń gbé síta fún un. Lónìí mò ń gún iyán yín, ohun tó gbé e ṣubú nìyẹn. Yanrìn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ó wá kan Tonton Salifou. Ó ní, "Àwọn odó ọ̀nà Alafiarou?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, tonton."

"Àwọn tí mo gbóríyìn fún wọn lé lórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, tonton," ni Sakinatou wí. "Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́."

Ojú bàbá náà yí padà. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Madame Latifath ló dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Tonton, ìgbà wo ni wọn ì bá sọ ọ́? Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó jókòó."

Tonton Salifou dìde. Ó ní kí wọ́n lọ gbé alùpùpù òun àtijọ́ jáde lẹ́yìn ilé, èyí kékeré tó pupa bíi tòmátì tí òun ti ń gùn kí òun tó ní ọkọ̀. Ó ní ìbẹ̀wò Sakinatou, láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni a ó ti máa kà á, a ò ní lé ẹnikẹ́ni kí kíkà tuntun náà tó parí, òun fúnra òun á sọ ọ́ fún àwọn olówó. Ó ní kí aránṣọ wá wọn olúkúlùkù. Aránṣọ dé ní ọ̀sán, Tonton sì ní kó wọn ẹsẹ̀, ọwọ́, ọrùn àti ikùn gbogbo èèyàn, kódà kó wọn èmi náà, torí kò fẹ́ kí équité fo ẹnikẹ́ni. Àwọn ìpàdé wọn ti gùn gan-an láti ọjọ́ náà. Tonton ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, àwọn ìyókù sì ti wá mọ̀ pé àwọn ní ọ̀rọ̀. Iyán mi ń tutù dè wọ́n.

Bassirou fọ alùpùpù kékeré náà, ó fún táyà rẹ̀ ní atẹ́gùn. Sakinatou jókòó sórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ yanrìn. Kò tan án. Ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ yanrìn. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín pé èéfín ni.

Ṣùgbọ́n Tonton Salifou bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà láìbá Sakinatou sọ̀rọ̀. Ìyẹn ba ọmọ náà lọ́kàn jẹ́. Ó wá bá mi, ó ní, "Tata Àìná, mo ti fi ẹ̀bùn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò. Ó ti bínú sí mi. Bí mo bá tiẹ̀ ní iṣẹ́, ojú wo ni mo máa fi wò ó?" Mo ní kó lọ sùn. Èmi náà ti rí ojú bàbá yẹn nígbà tó ń lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dojú odó mi délẹ̀, ó ti mọ́ mi lára. Tonton Salifou ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà kí gbogbo èèyàn tó dé, ó dúró lóòró. A mọ ohun tó ń dúró dè. Ó fúnni ní alùpùpù lánàá, ọpẹ́ àná sì kù.

Sakinatou dé lórí alùpùpù pupa, ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó fi èkejì lélẹ̀, ó sọ̀, kò wo odó mi lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn lọ bá Tonton, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tonton, ẹ ṣé..."

Bàbá náà gbé ìka kan sókè, bí Madame Latifath ti ń ṣe é gẹ́lẹ́.

Ó ní, "Dìde. Èmi ni mo wá kí ẹ. Sakinatou, o ṣé ọ̀rọ̀ àná."

Bassirou gbàgbé ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ ní yíyà. Sakinatou kò dìde, ó ń wo Tonton. Ní tèmi, mo wá ibi tí mo máa jókòó sí, mo sì jókòó sórí odó mi. Kò sẹ́ni tó tún nílò rẹ̀ láti fi gun nǹkan.